Dídúró àti rírìn lórí ẹsẹ̀ rọ́bà: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ṣáá

Ìbéèrè kan náà ni mò ń dáhùn láràárọ̀, ni mo bá kó wọn jọ síbí. Lábẹ́ orúnkún ni wọ́n ti gé tèmi, ẹsẹ̀ òsì, jàǹbá ọ̀kadà ni. Mi ò kì í ṣe dókítà o, ahunṣọ ni mí n'Ílọrin níbí, ohun táwọn físíò, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara nílé ìwòsàn, kọ́ mi àti ohun tí ilẹ̀ fúnra ẹ̀ kọ́ mi ni mo kọ. Níbi tí mo bá ti pe "ẹsẹ̀ ẹran", èyí tí Ọlọ́run dá ni mò ń sọ; "ẹsẹ̀ rọ́bà" ni èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀.

Ẹsẹ̀ tuntun yìí bá mi mu dáadáa, kí ló dé tí mo ṣì ń mì síwá mì sẹ́yìn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn?

Nǹkan mẹ́ta ló ń bá èèyàn dúró. Ojú wà ńbẹ̀, inú etí wà ńbẹ̀ níbi tí omi kékeré kan ti ń sọ fún ọpọlọ pé orí ti tẹ̀ síbí tàbí sọ́hùn-ún, ẹ̀kẹta wá ni àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ̀lú ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí ló ti lọ lápá kan fún àwa. Ẹsẹ̀ ẹran máa ń gbọ́ òkúta, ó máa ń gbọ́ iyanrìn, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọrùn ẹsẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀ ó ti gbà yín dúró, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Rọ́bà ò gbọ́ nǹkan kan.

Ibi tí ìròyìn ilẹ̀ ń gbà wọlé báyìí ni ara kùkùté yín, ìyẹn ibi tó kù lára ẹsẹ̀ tí wọ́n gé, bó ṣe ń tẹ ògiri sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ihò ẹsẹ̀ rọ́bà tí kùkùté ń wọ̀, tó bá tẹ iwájú jù ẹ ti ń lọ síwájú nìyẹn. Ẹni tó wá ń tún un ṣe ni ìbàdí àti itan. Ìbàdí ti di ọrùn ẹsẹ̀ yín. Ìyẹn làwọn físíò ń pè ní bálánsì, kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ, kò sí nínú owó tẹ́ ẹ san fún ẹsẹ̀.

Ti ẹni tí wọ́n gé lábẹ́ orúnkún àti ti ẹni tí wọ́n gé lókè orúnkún, ṣé ọ̀kan náà ni?

Rárá o. Èmi tí orúnkún mi ṣì wà, mo ṣì lè fi tẹ̀ ẹ́, mo ṣì lè fi nà án. Ẹni tí wọ́n gé nítan, orúnkún irin ló ń lò, irin yẹn sì lè ká lójijì tó bá gbà á gbọ́ lásìkò tí kò yẹ. Bí gìgísẹ̀ bá ṣe ń kan ilẹ̀ báyìí, ó gbọ́dọ̀ fún ìdí ẹ̀ pọ̀ kó fi kùkùté ti ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì kí orúnkún má bàa ká. Ó máa ń rẹ̀ wọ́n ju àwa lọ gan-an, torí náà tẹ́ ẹ bá rí wọn tí wọ́n dúró mí lójú ọ̀nà, ẹ má fọwọ́ fà wọ́n.

Ẹsẹ̀ ò tíì dé, ṣé kí n jókòó máa retí ẹ̀?

Ẹ má jókòó rárá, ìjókòó gan-an ló ń bà á jẹ́. Tí kùkùté bá wà ní kíká lójoojúmọ́, iṣan á kúrú, ìbàdí tàbí orúnkún á gan, tí ẹsẹ̀ bá wá dé ẹ ò ní lè nàró lórí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá tẹ̀ síwájú ò lè bálánsì láéláé. Ẹ máa dojú bolẹ̀ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tó le díẹ̀, ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, tí ẹ̀yìn tàbí àyà yín bá gbà á. Lábẹ́ orúnkún náà ni tiyín? Tẹ́ ẹ bá wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn, ẹ gbé pákó sábẹ́ ẹ̀ kó nà gbọọrọ.

Ẹ kìlọ̀ fáwọn màmá. Màmá tèmi, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wọn, ìrọ̀rí ni wọ́n ń kì sábẹ́ kùkùté mi lálaalẹ́ torí ìfẹ́, ìfẹ́ yẹn ló jẹ́ kí n lo oṣù kan kí orúnkún mi tó nà.

Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó kí n tó rìn láìmú ọ̀pá?

Oṣù ni, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Ọmọ ogún ọdún tí wọ́n gé lábẹ́ orúnkún lè ju ọ̀pá sílẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tí ṣúgà gbà lẹ́sẹ̀ lè mú ọ̀pá lọ títí, kò sí ìtìjú kankan ńbẹ̀. Kùkùté náà á ṣì máa joro fún bí ọdún kan, kẹ́ ẹ má rò pé sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ lẹ máa lò kú.

Kí ni eré ìdárayá tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe?

Gbígbé ara lé e. Ó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, wọ́n ń ṣàánú ẹsẹ̀ rọ́bà, wọ́n ń sáré kúrò lórí ẹ̀ bí ẹni tẹ iná, ẹsẹ̀ ẹran wá ń ṣiṣẹ́ ẹni méjì.

Ẹ dúró sí kọ̀ǹrọ̀ yàrá, ògiri lẹ́yìn yín, ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àga wà níwájú. Àga onígi tó wúwo o, ẹ má fi ti rọ́bà tí wọ́n ń háyà fún àríyá ṣe é torí á sún lọ ni. Ẹ ya ẹsẹ̀ ní bí ìbú ọwọ́ kan, ẹ wá rọra máa gbé ara lọ sọ́tùn-ún, sósì, síwájú, sẹ́yìn, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì má kúrò nílẹ̀. Ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ rọ́bà kẹ́ ẹ ka márùn-ún kẹ́ ẹ tó padà. Ẹ fọkàn sí ibi tó ń tẹ̀ yín nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, èdè tó máa sọ fún yín nìyẹn.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, físíò gbé ìwọ̀n méjì sílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kílò 72 ni mo wọ̀n nígbà yẹn. Mo dúró gbọnrangandan, mo ní mo ti pín ara mi dọ́gba, ó ní kí n wolẹ̀: 18 ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rọ́bà. Gbogbo ìyókù wà lórí ọ̀kan, èmi ò mọ̀.

Mo ti mọ ìyẹn ṣe, kí ló kàn?

Ẹ gbé àpótí ìjókòó kékeré síwájú, ẹ wá gbé ẹsẹ̀ ẹran lé e, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bẹ́ ẹ bá ṣe rọra tó ló ṣe dáa tó, torí gbogbo àsìkò tẹ́sẹ̀ ẹran fi wà lókè, rọ́bà nìkan ló ń gbé yín. Tó bá ti rọrùn, ẹ fi agolo mílíìkì sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹran kẹ́ ẹ máa yí i lọ yí i bọ̀. Ẹ tò ife sórí tábìlì, ẹ máa kó wọn láti ọ̀tún lọ sósì láìgbé ẹsẹ̀. Ẹ fẹ̀gbẹ́ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èyí ń fún iṣan ẹ̀gbẹ́ ìbàdí lágbára, òun ni kì í jẹ́ kẹ́ ẹ máa gbè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bẹ́ ẹ bá ń rìn.

Pípa ojú dé ló kẹ́yìn, nínú kọ̀ǹrọ̀ yẹn náà, kí ẹnì kan dúró tì yín. Ẹ tún máa rìn kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀, torí lójú títì ẹnì kan máa kí yín. Físíò mi ní kí n máa ka iye láti ọgọ́rùn-ún padà sẹ́yìn ní mẹ́ta-mẹ́ta bí mo ṣe ń rìn, ní Yorùbá, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò ná, nígbà tí mo dé méjìdínláàádọ́rùn-ún mo ti dúró sójú kan.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ sàn ju wákàtí kan ní Sátidé lọ.

Ọwọ́ wo ni kí n fi mú ọ̀pá?

Ọwọ́ òdìkejì. Ẹsẹ̀ òsì ló jẹ́ rọ́bà, ọwọ́ ọ̀tún ló mú ọ̀pá, kí ọ̀pá àti ẹsẹ̀ rọ́bà jọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá dúró kẹ́ ẹ jẹ́ kọ́wọ́ wálẹ̀, orí ọ̀pá yẹ kó bá ọrùn ọwọ́ dọ́gba. Kẹ́ ẹ sì wo rọ́bà ìdí ẹ̀, tó bá ti jẹ kanlẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Láàárọ̀ ó mú mi pinpin, tó bá di ọ̀sán ó ti ń ṣe pọ̀ḿ pọ̀ḿ, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́, kùkùté ló joro. Omi inú ẹran máa ń sá bẹ́ ẹ bá ṣe ń rìn, ẹ̀ ń rì sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ rọ́bà á wá kúrú, orí eegun á máa kan ìsàlẹ̀. Sọ́ọ̀kìsì ni oògùn ẹ̀, wọ́n ní tín-ínrín wọ́n ní nípọn, ẹ fi ọ̀kan kún un. Tó bá pọ̀ jù náà, kùkùté ò ní wọlé tán, ẹsẹ̀ á ga, ẹ ó máa dà bí ẹni gun nǹkan. Mi ò jáde nílé láìfi sọ́ọ̀kìsì méjì sápò.

Lóṣù kẹta tí oòrùn ń jó wa, òógùn ló ń jẹ́ kó yọ̀. Ẹ jókòó, ẹ bọ́ ọ, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ẹ padà wọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni.

Ara kùkùté ń pọ́n, ṣé kí n máa rìn lọ?

Ẹ bọ́ ọ kẹ́ ẹ wò ó. Tí pípọ́n náà bá lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún, ó dáa. Tí kò bá lọ, tàbí tó ti lé ròrò, tàbí tó ti bó, ẹ má wọ̀ ọ́ mọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Ẹni tó bá ń sá fún ìrora kò lè gbé ara lé e, tí kò bá sì gbé ara lé e, kò sí bálánsì. Alaalẹ́ kẹ́ ẹ fi ọṣẹ pẹ̀lẹ́ fọ̀ ọ́, kó gbẹ. Róòbù ńkọ́? Rárá. Sípíríìtì náà kọ́.

Mi ò ní wàhálà lójú títì, àmọ́ bí mo bá bọ́ bàtà ní mọ́ṣáláṣí báyìí, ńṣe ló ń tì mí sẹ́yìn. Kí ló fà á?

Ìbéèrè tó wù mí jù nìyí, torí ó ti gbé mi ṣubú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi lẹ́sẹ̀, mo lọ kírun ọjọ́ Jímọ̀, mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí gbogbo èèyàn, mo gbé ẹsẹ̀ kejì, ni mo bá fìdí lélẹ̀ sáàárín bàtà àwọn èèyàn. Bàbá kan ní "ẹ pẹ̀lẹ́ o, ilẹ̀ ló ń yọ̀". Ilẹ̀ ò yọ̀. Níbi tí wọ́n ti ṣe ẹsẹ̀ fún mi, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé gíga gìgísẹ̀ bàtà ni wọ́n fi to ẹsẹ̀ rọ́bà.

Bó ṣe rí nìyí. Ọrùn ẹsẹ̀ rọ́bà kì í tẹ̀ bíi tẹran. Tí wọ́n bá to ó pẹ̀lú bàtà tí gìgísẹ̀ ẹ̀ ga díẹ̀, ó dúró gbọọrọ nínú bàtà yẹn nìkan. Bẹ́ ẹ bá bọ́ ọ, gìgísẹ̀ á wálẹ̀, ojúgun á gbè sẹ́yìn, orúnkún á máa tì sẹ́yìn bí ẹni ń gòkè. Tẹ́ ẹ bá wọ bàtà tó ga jù náà, á gbè síwájú, orúnkún á fẹ́ ká, ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ń wọ bàtà gíga lọ òde ìyàwó, ẹ gbọ́ o.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo gé àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì kan tó ga bákan náà pẹ̀lú gìgísẹ̀ bàtà mi, ìwọ̀nba gìgísẹ̀ nìkan, mo sì ń kì í sábẹ́ gìgísẹ̀ rọ́bà nínú ìbọ̀sẹ̀ tí mo bá fẹ́ wọlé. Ẹlòmíì ní bàtà mímọ́ kan tó jẹ́ ti inú mọ́ṣáláṣí àti inú ilé nìkan. Èyí tó dáa jù ni kẹ́ ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe ẹsẹ̀, láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pé ilé tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà lẹ̀ ń gbé. Wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ yìí ní Íńdíà tipẹ́: ní 1968, oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Ram Chandra Sharma àti Dókítà P. K. Sethi ṣe ẹsẹ̀ Jaipur, tí wọ́n fi rọ́bà àti igi ṣe, torí àwọn èèyàn tó ń rìn láìwọ bàtà tí wọ́n sì ń lóṣòó.

Àtẹ̀gùn ńkọ́? Òkè ńkọ́?

Ẹsẹ̀ ẹran ló ń ṣíwájú gòkè, ẹsẹ̀ rọ́bà ló ń ṣíwájú sọ̀ kalẹ̀. Ẹ di irin mú tó bá wà. Tí ilẹ̀ bá da gẹ̀rẹ́, pàápàá ẹni orúnkún irin, ẹ fẹ̀gbẹ́ gùn ún, kí ẹsẹ̀ ẹran wà lápá òkè bẹ́ ẹ bá ń lọ àti bẹ́ ẹ bá ń bọ̀. Pákó tí wọ́n gbé lé gọ́tà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣé mo ṣì lè kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí àgbà? Kírun ńkọ́?

Ẹ lè ṣe é. Ẹsẹ̀ ẹran síwájú, orúnkún ẹ̀gbẹ́ rọ́bà lẹ máa fi kanlẹ̀, ọwọ́ kan lórí itan tàbí lórí àga. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ẹran tó wà níwájú lẹ máa fi tì. Ẹ kọ́ ọ lórí ẹní nílé kẹ́ ẹ tó lọ dán an wò níwájú àna yín. Àgbà tó bá mọ̀ pé rọ́bà lẹ wọ̀, "má kúnlẹ̀ mọ́" ló máa sọ, àmọ́ mo mọ̀ bó ṣe ń rí lára téèyàn bá ń kí bàbá ẹ̀ ní ìnàró.

Ti ìrun, jíjókòó lórí gìgísẹ̀ ló ṣòro jù torí ọrùn ẹsẹ̀ rọ́bà ò nà, etí sọ́kẹ́ẹ̀tì á sì máa gé kòtò orúnkún lẹ́yìn. Èmi ń na ẹsẹ̀ rọ́bà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ń fi àga kírun. Ọ̀rọ̀ àlùwàlá lórí rọ́bà, ẹ bi álífà yín, mi ò kàwé débẹ̀.

Ṣálángá?

Lílóṣòó lórí ẹsẹ̀ rọ́bà léwu fún ọ̀pọ̀ wa. Ẹ ra àga ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n dá ihò sí, tàbí kẹ́ ẹ ní kí káfíńtà ṣe é, kó sì kan irin kan mọ́ ògiri. Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń tutù, ọṣẹ sì wà ńbẹ̀, torí náà ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ di nǹkan mú nígbà gbogbo.

Mo bímọ oṣù mẹ́rin, ṣé mo lè pọ̀n ọ́n? Ṣé mo lè ru igbá lọ sí ọjà Ìpátà?

Ọmọ tó wà lẹ́yìn ń fa yín sẹ́yìn, ẹrù tó wà lórí ń sọ yín di igi tó ga, ìmì díẹ̀ lórí á di ìmì ńlá nísàlẹ̀, ara gbọ́dọ̀ tún ìwọ̀n ara ẹ̀ kọ́. Ẹ má fi ọmọ kọ́ ọ o. Ẹ fi ọ̀já di ìrẹsì tàbí gàrí kílò méjì mẹ́yìn, ẹ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ fi kún un títí á fi tó ìwọ̀n ọmọ. Kẹ́ ẹ jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì pọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ jókòó sọ̀ ọ́. Kí ẹlòmíì bá yín gbé e lé ẹ̀yìn kọ́kọ́.

Ẹrù orí, tó bá fúyẹ́ tí ọ̀nà sì tẹ́jú, ẹni tó ti mọ ẹsẹ̀ ẹ̀ dáadáa lè rù ú. Bí ọjà bá kún bẹ́ẹ̀, alábàárù lẹ máa pè.

Kí ló dé tí mo máa ń fẹ́ ṣubú tí NEPA bá mú iná lọ?

Torí ojú ló ti gba iṣẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Tí òkùnkùn bá ṣú, ẹni mẹ́ta tó ń bá yín dúró ti ku ọ̀kan àbọ̀. Ìdí tá a fi ń kọ́ bí a ṣe ń dúró ní ìpajúdé nìyẹn. Tí iná bá lọ, ẹ dúró gbagidi, ẹ fọwọ́ kan ògiri, ìka kan lásán tó. Ẹ jẹ́ kí tọ́ọ̀ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Òru ló burú jù. Èèyàn á jí lójú oorun, ìtọ̀ á ti gbọ̀n ọ́n, á gbé ẹsẹ̀ tí kò sí sọ̀ kalẹ̀ torí ọpọlọ ṣì rò pé ó wà. Ó ti ṣe mí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi igi abẹ́ abíyá síbi tọ́wọ́ yín á ti kọ́kọ́ kàn án, tàbí kẹ́ ẹ gbé póò sínú yàrá, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Òjò, ẹrẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá?

Ìgbésẹ̀ kúkúrú, kẹ́ ẹ tẹ gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá fẹ́ wọ Márúwá, ẹ ní kó dúró pátápátá, kì í ṣe "wọlé wọlé" yẹn, ẹ di irin mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹran wọlé kọ́kọ́. Ẹni orúnkún irin, ìdí ni kó kọ́kọ́ wọlé kó wá fọwọ́ gbé ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Dírẹ́bà tó bá kùn, ẹ jẹ́ kó lọ.

Tí mo bá ṣubú ńkọ́?

Ó dájú pé ẹ máa ṣubú. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kánádà tí wọ́n gbé jáde ní 2001, 435 èèyàn tí wọ́n ti gé lẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń gbé láwùjọ, ìdajì wọn lé díẹ̀ ló ti ṣubú láàárín ọdún kan ṣáájú. Kò yà mí lẹ́nu.

Bó bá ti ń bọ̀, ẹ ju ọ̀pá dànù, ẹ ká ìgbọ̀nwọ́, ẹ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ má na ọwọ́ gbọọrọ torí ọwọ́ ló máa ṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá ti wà nílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí èrò fa yín lápá sókè, wọ́n á ṣaájò títí wọ́n á fi yọ èjìká yín. Ẹ ní kí wọ́n gbé àga wá. Ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ wo kùkùté bóyá ó ṣèṣe, ẹ rá lọ sídìí àga, ẹsẹ̀ ẹran síwájú, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti àga. Ẹ bẹ físíò kó kọ́ yín lórí màtíráàsì.

Látìgbà tí mo ti ṣubú, ẹ̀rù ń bà mí láti jáde.

Ẹ̀rù náà ń gbé èèyàn ṣubú. Ẹni tẹ́rù bá ń bà á gan, ó wolẹ̀, ó kó gbogbo ara sórí ẹsẹ̀ ẹran, nǹkan tó ń sá fún náà ló máa bá a. Ẹ kọ ibi mẹ́wàá tẹ́ ẹ fẹ́ máa lọ sílẹ̀, látorí èyí tó rọrùn dé èyí tó le, ti ọmọ àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wọn ó parí sí Ọjà Ọba lọ́jọ́ tí èrò pọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan, ibì kan. Ó ṣì ku Ọjà Ọba fún un.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mo ti ń dáa sí i?

Ẹ gbé àga sílẹ̀, ẹ wọn mítà mẹ́ta, ẹ fàmì síbẹ̀. Kí ẹnì kan mú fóònù tó ń ka àsìkò. Ẹ dìde, ẹ rìn débẹ̀, ẹ yí, ẹ padà jókòó, bẹ́ ẹ ṣe máa ń rìn lójoojúmọ́. Fún àwa tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ kan lábẹ́ orúnkún, àwọn olùwádìí rí i pé ẹni tó bá lo ìṣẹ́jú àáyá 19 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sábà máa ń ṣubú léraléra. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lóṣooṣù. Kẹ́ ẹ má bá ara yín díje o, ẹni tó bá sáré ṣubú lórí ìdánwò ti pàdánù.

Ṣé mo lè gba ààwẹ̀?

Bálánsì nìkan ni mo lè sọ: tí omi bá dín lára, kùkùté á joro, sọ́ọ̀kìsì á pọ̀ sí i tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ẹ mu omi dáadáa ní sààrì. Ẹni tó bá ní ṣúgà, ẹ rí dókítà kí oṣù tó lé, torí tí ṣúgà bá já wálẹ̀ ojú á ṣú, ara á gbọ̀n, ẹ ó ṣubú kẹ́ ẹ tó mọ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà lè fa òòyì tẹ́ ẹ bá dìde lójijì.

Ṣúgà ló gba ẹsẹ̀ mi, ṣé kí n máa ṣe gbogbo èyí?

Ẹ ṣe é, àmọ́ ẹsẹ̀ tó kù ni kẹ́ ẹ fi ojú sí jù. Òun ló ń gbé púpọ̀ ìwọ̀n ara báyìí, ṣúgà sì lè ti pa ìmọ̀lára ẹ̀ kù, kó dà bíi rọ́bà náà. Ẹ wo àtẹ́lẹ̀ ẹ̀ lálaalẹ́ pẹ̀lú dígí, ẹ má rìn láìwọ bàtà, egbò kékeré lẹ gbé lọ sílé ìwòsàn. Kì í ṣe ilé ẹni tó ń to eegun.

Ẹsẹ̀ tí wọ́n ti gé ṣì ń yún mi, ó ń dùn mí. Orí mi ti dàrú ni?

Orí yín pé. Àwòrán ẹsẹ̀ yẹn ṣì wà nínú ọpọlọ. Wíwọ ẹsẹ̀ rọ́bà, fífọwọ́ ra kùkùté, gbogbo ẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn físíò kan tún ń fi dígí ṣe é, ẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ ẹran nínú dígí bí ẹni pé ẹsẹ̀ méjì ló wà. Tó bá ń dí oorun yín lọ́wọ́, ẹ sọ fún dókítà, oògùn ẹ̀ wà, kì í ṣe oògùn ara ríro lásán.

Ẹsẹ̀ ń yí sóde, wẹ́dà àdúgbò wa ní òun lè tún un tò.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbà. Nọ́ọ̀tì kékeré kan tí wọ́n yí díẹ̀ á yí ìdúró orúnkún àti ìbàdí padà, ẹ ó máa rò pé bálánsì yín ló bàjẹ́. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ṣe é, tàbí kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè ní físíò ní UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin.

Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti lọ.

Ẹ ò ní ẹsẹ̀ ẹran tẹ́ ẹ máa sá lọ bá, torí náà gbogbo nǹkan tí mo sọ nípa ẹsẹ̀ tó ń ṣíwájú ò bá yín mu. Ìjókòó lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀: bálánsì inú ikùn àti ẹ̀yìn, nínawọ́ mú nǹkan láìṣubú lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n gé méjèèjì lókè orúnkún ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe ẹsẹ̀ kúkúrú fún, kó má ga, kẹ́ ẹ tó wá ga díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ físíò gangan lèyí, ẹ má dá a kọ́ nílé.

Ahunṣọ ni mí bíi tiyín, báwo lẹ ṣe ń tẹ òfì?

Àwa ọkùnrin n'Ílọrin, ẹsẹ̀ la fi ń pààrọ̀ òwú, ìtẹsẹ̀ kan fún ọ̀tún, ìkan fún òsì, ẹsẹ̀ ẹran sì máa ń gbọ́ ọ tó bá ti dé ìsàlẹ̀. Rọ́bà ò gbọ́. Fún oṣù méjì mi ò mọ̀ bóyá mo ti tẹ̀ ẹ́ tán tàbí mi ò tíì tẹ̀ ẹ́, ọ̀kọ̀, igi tó ń gbé òwú kọjá láàárín aṣọ, á sì lọ kọ́ òwú. Mo wá gbé ìjókòó mi ga, kí itan lè máa ti ìtẹsẹ̀ látòkè wá, kì í ṣe orúnkún. Mo yé wo ẹsẹ̀, etí ni mò ń lò, torí òfì máa ń ké kín tó bá ti yà tán.

Rọ́bà tún máa ń yọ̀ kúrò lórí ìtẹsẹ̀, afi kéèyàn ká aṣọ lé e. Aṣọ àkọ́kọ́ tí mo hun lẹ́yìn jàǹbá, etí ẹ̀ wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, kò sẹ́ni tó rà á. Òun ni mo ká lé e.